Ó Kan Ilẹ̀, Kò Kan Ilẹ̀

Kí n tó dé Peckham ní Ẹ̀ńgláǹdì, ìrẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tó ń jẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Ìwó, tíṣà ya àwòrán kòkòrò kan sára pátákó, ó ní ká pe orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wa sì fi ariwo pè é. Kòkòrò tí à ń wú nínú ihò lẹ́yìn kíláàsì ni, tí à ń fi igi gún, tí à ń yan, tí à ń bu iyọ̀ díẹ̀ sí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, tí mo gbọ́ tí àwọn bàbá arúgbó méjì ń pariwo mọ́ ara wọn lórí kíríkẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnì kan mú tàbí tí kò mú, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ebi ń pa wọ́n.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni ibi iṣẹ́ náà, ní òpópónà kékeré kan tó yà kúrò lára Rye Lane. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fún mi, mo wé híjáàbù dúdú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí débi pé mo ń kí àwọn àga.

"Ó kan ilẹ̀!" ni ọ̀kan nínú wọn ń wí. Bàbá dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó dé fìlà nínú ilé, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi gún nǹkan.

"Kò kan ilẹ̀!" ni èkejì fi dá a lóhùn. Òyìnbó sísanra ni òun, ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n bíi tòmátì.

Mo sáré bọ́ sáàárín wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ má jà. Tó bá kan ilẹ̀, màá bá yín fọ̀ ọ́."

Àwọn méjèèjì wò mí, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá dúdú yẹn rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi já bọ́. Ìyẹn kan ilẹ̀ lóòótọ́, èmi ni mo sì fọ̀ ọ́.

Mánéjà wa, obìnrin ará Gánà kan tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Efua, ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ṣàlàyé fún mi. Eré ni kíríkẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á fi pákó gbá a. Bí ẹni tó wà lórí pápá bá fi ọwọ́ hán bọ́ọ̀lù náà kó tó kan ilẹ̀, ẹni tó gbá a ti kúrò nínú eré nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni dúdú yẹn, Místà Clive, ọmọ Barbados ni. Òyìnbó yẹn, Místà Ron, Peckham níbí ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní ọ̀dọ́, àwọn ará West Indies, ìyẹn àwọn erékùṣù tí Barbados wà lára wọn, wá bá Ẹ̀ńgláǹdì ta kàn-ń-gbọ̀n ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti pápá dé pápá, títí eré náà fi parí sí Kennington, tí kò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ ni ará West Indies kan ti gbá bọ́ọ̀lù kan, tí ọmọ Ẹ̀ńgláǹdì kan sì bẹ́ gìjà, tó ní òun hán an.

"Ó ti pẹ́?" ni mo bi Àǹtí Efua.

"Wọn ò tíì bí ẹ nígbà yẹn. Wọn ò tíì bí èmi náà."

"Wọ́n ṣì ń jà sí i?"

"Lójoojúmọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun àárọ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ràfíátù, àbúrò ìyá mi, ni mò ń gbé, nínú ilé alájà púpọ̀ kan tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́bàá Old Kent Road. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé, gbogbo ẹni tí mo bá bá nínú líìfùtì ni mò ń kí. Ọkùnrin kan fi ọwọ́ di àpò ṣòkòtò rẹ̀ mú nígbà tí mo ní ẹ káàárọ̀. Obìnrin kan yọ nǹkan tó kì sí etí, ó ní "Sorry?", mo tún un sọ, ó ní "Sorry?", mo bá ní kò sí nǹkan kan. Àǹtí mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ìkíni ń dẹ́rù bà wọ́n. Súlíyà ọmọ rẹ̀, tó ń lọ sí yunifásítì ní New Cross, fẹ́ tù mí nínú. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò ní òkè, tí kò ní ìsàlẹ̀, sọ fún mi pé òun náà máa ń dá wà, pé ohun tó ń ran òun lọ́wọ́ ni kí òun máa wọ ọkọ káàkiri. Ọkọ̀ ló fẹ́ pè. Ìyá rẹ̀ ju síbí sílẹ̀.

Bí mo bá dé Rye Lane, mò ń gbọ́ Yorùbá lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó ń ta iṣu ń sọ ọ́, ẹni tó ń gé ẹja ń sọ ọ́, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ń fi bú ẹni tó gbé fóònù wá. Síbẹ̀, bí mo bá ti ra iṣu mi tán, ó tán nìyẹn. Mo rò ó títí kí n tó mọ ohun tó ń ṣe mí. Kì í ṣe ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ni mi ò ní. Ẹni tí mo lè bá jiyàn ni mi ò ní. Nílé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀ kan láti kékeré, pé ta ló jẹ́ kí ewúrẹ́ bàbá wa wọ yàrá ìdáná lọ́jọ́ iléyá. Èmi kọ́ o. Ṣùgbọ́n ta ni màá sọ ìyẹn fún ní Old Kent Road? Ta ló mọ ewúrẹ́ náà?

Mo máa ń pe ìyá mi lórí fóònù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti tètè ṣíwọ́. Ìyá Àdínì ni wọ́n ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa, àwọn ni wọ́n máa ń parí ìjà fún àwọn obìnrin, wọ́n sì fẹ́ràn ìjà tí wọ́n ò bá tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo ṣàlàyé kíríkẹ́ẹ̀tì fún wọn.

"Ọjọ́ mélòó ni o ní wọ́n fi ń ta á?"

"Ọjọ́ márùn-ún, Màámi."

"Ẹyọ kan ṣoṣo?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo."

"Ta ló wá ń borí?"

"Nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tó ń borí."

"Wọ́n ń jẹun láàárín rẹ̀?"

"Wọ́n ń dúró jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n tún ń dúró mu tíì."

"Ìyẹn kì í ṣe eré," ni ìyá mi wí. "Ìpàdé ẹbí ni."

Díẹ̀díẹ̀, àwọn bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Wọ́n á to bísíkíìtì sórí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ eléré kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Místà Ron máa ń jẹ àwọn eléré West Indies kí àlàyé tó parí. Wọ́n kọ́ mi pé ẹni tí kò bá rí àmì kankan gbà, wọ́n á ní ó gba pẹ́pẹ́yẹ. Mo ní nílùú tiwa, ẹni tí wọ́n bá fún ní pẹ́pẹ́yẹ, ọpẹ́ ló máa dú. Wọ́n kọ́ mi pé ibì kan wà lórí pápá tí wọ́n ń pè ní ibi ìdúró òmùgọ̀, torí pé ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ti sún mọ́ onípákó jù, bọ́ọ̀lù lè fọ́ ọ lẹ́nu nígbàkigbà. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ibi ìdúró òmùgọ̀ yẹn gan-an sì ni ọmọ Ẹ̀ńgláǹdì yẹn wà tó fi bẹ́ gìjà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo wo ojú fèrèsé, mo kan sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Eré ti dúró nìyẹn." Àwọn méjèèjì mi orí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò wo ojú mi pàápàá, wọ́n kàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Inú mi dùn ju ìgbà tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́ lọ.

Àfi bí ìjà gidi ṣe dé. Ọjọ́ náà ò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn. Wọ́n ti sọ "ó kan ilẹ̀, kò kan ilẹ̀" tó bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, mo ti ń gbé tíì bọ̀. Místà Ron ní òun rí i kedere láti ibi tí òun jókòó sí, níwájú àwọn àgbá gáàsì ńlá tó wà lẹ́yìn pápá. Místà Clive bá sọ ohun tí kò sọ rí.

"Ìwọ wo? O ò tiẹ̀ sí níbẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Mo ní o ò sí níbẹ̀. Orí rédíò lo ti gbọ́ ọ."

Místà Ron yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó kọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n kúrò ní tábìlì kan náà, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra, wọ́n sì sọ mí di ìránṣẹ́. Místà Clive á ní, "Lọ sọ fún ọkùnrin yẹn kó fún mi ní iyọ̀." Màá yí padà, ìṣísẹ̀ kan, màá ní, "Místà Ron, wọ́n ní kí ẹ fún wọn ní iyọ̀." Místà Ron á ní, "Lọ sọ fún un pé iyọ̀ kò dáa fún ọkàn rẹ̀." Màá tún yí padà. Orí ń yí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Místà Ron kò jáde mọ́, Místà Clive kò sì jẹun mọ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mi ò mọ̀ pé ariwo wọn ni mo fi ń mọ̀ pé ojúmọ́ ti mọ́. Àǹtí Efua sọ fún mi nínú ọ́fíìsì pé ọmọ Místà Clive obìnrin ti pè, pé ó ní bàbá òun ń rù, pé ó ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Birmingham.

Mo gbé ìrẹsì lọ bá Místà Clive ní yàrá. Kò wò ó. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Mo wà ní pápá lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò rí i."

"Ẹ ò rí kí ni?"

"Bọ́ọ̀lù yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú búrẹ́dì mi. Ìyá mi ló fi ẹja díndín sí i. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ariwo. Nígbà tí mo máa fi gbé orí sókè, ó ti parí."

Mo bi í pé, "Ẹja náà dùn?"

"Ẹja náà dùn gan-an." Ó nu ojú. "Ron wà níbẹ̀, mo mọ̀. Bí wọ́n bá gbé mi lọ sí Birmingham, ta ni màá máa sọ ọ́ fún? Àwọn ọmọ mi ò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn eléré yẹn."

Mo dúró sí kọ́rídọ̀, mo sì pe ìyá mi. Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí wọ́n fi ní, "Gbé fóònù fún wọn."

"Màámi, wọn ò gbọ́ Yorùbá."

"Ìwọ ò gbọ́ Yorùbá ni? Fi fídíò pè mí, kí o sì gbé mi fún wọn."

Bí mo ṣe gbé ìyá mi, pẹ̀lú gèlè àti ìborùn, lọ sí ẹnu ọ̀nà Místà Ron nìyẹn. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ìyá mi na ìka sí i láti Ìwó. "Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ bọ́ síta. Èmi ni mo pè yín."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Místà Ron wo ìka náà. Ó ní, "Yes, ma'am," ó sì jáde.

Mo pe Místà Clive náà jáde, ìyá mi sì fi ọ̀rọ̀ wá àwọn méjèèjì lẹ́nu wò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú àgbàlá wa. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ tẹnu àwọn bàbá náà tán, wọ́n ní àwọn ò lè dá ẹjọ́ ohun tí ojú àwọn ò rí. "Kí wọ́n tún un ṣe," ni wọ́n wí. "Kí wọ́n ṣe é lójú mi."

Ọjọ́ Sátidé la ṣe é, nínú ọgbà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù ló dúró fún àwọn igi mẹ́ta tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ sẹ́yìn onípákó. Mo ra bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ní Rye Lane. Místà Clive ní òun ò ní ṣojú Ẹ̀ńgláǹdì láé, Místà Ron náà ní òun ò ní ṣojú West Indies láé, fún ìdí èyí Místà Clive ló gbé ọ̀pá rẹ̀ dúró bí onípákó West Indies, Místà Ron sì fẹ́ ju bọ́ọ̀lù látinú kẹ̀kẹ́. Àwọn àgbàlagbà yòókù jókòó, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀. Àǹtí Efua gbé fóònù dání fún ìyá mi, ó ń bẹ̀ wá pé kí ẹnikẹ́ni má ṣubú, torí ìwé tí òun máa kọ lórí rẹ̀ kò ní lópin. Èmi wá ńkọ́? Wọ́n fi mí sí ibi ìdúró òmùgọ̀. Báyìí ni mo ṣe ṣojú Ẹ̀ńgláǹdì nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mi ò tíì mọ orúkọ aládùúgbò mi.

Nínú fóònù, mo rí i pé gbogbo obìnrin àsàlátù mọ́sáláṣí wa ti pé lẹ́yìn ìyá mi.

Místà Ron ju bọ́ọ̀lù. Místà Clive fi ọ̀pá gbá a pẹ̀lú agbára tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ní. Bọ́ọ̀lù ta sókè díẹ̀, ó ń bọ̀ nílẹ̀ níwájú mi. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo bẹ́ gìjà. Mo na ara gbalaja lórí koríko, híjáàbù mi yọ̀ wá síwájú, ó sì bo ojú mi pátápátá. Nígbà tí mo máa fi ṣí i, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ mi.

"Ó kan ilẹ̀!"

"Kò kan ilẹ̀!"

Mo gbé orí sókè wo fóònù. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já. Ìyá mi dúró sójú kan, ẹnu wọn là sílẹ̀, ojú wọn kan wà ní pípadé. Nígbà tí àwòrán wọn máa fi padà wá, ibi tí mo nà gbalaja sí nìkan ni wọ́n rí.

"Ta lo ń kí?" ni wọ́n kígbe. "Kí ló dé tí o fi dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin?"

"Màámi, mo hán an ni! Ṣé ẹ ò rí i?"

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gbé e lọ. Ìwọ ńkọ́, ṣebí ọwọ́ rẹ ló wà? Ó kan ilẹ̀ àbí kò kan ilẹ̀?"

Gbogbo ọgbà ń wò mí. Mo wo ọwọ́ mi. Koríko wà ní ìka mi, ṣùgbọ́n koríko wà ní imú mi náà. Mo ní, "Wàláhì, mi ò mọ̀."

Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn, àfi bíi pé mo tú wọn sílẹ̀. Místà Clive gbé ọ̀pá sókè, Místà Ron fi ọwọ́ lu apá kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n ń pariwo, itọ́ ń fò. Nínú fóònù, mò ń gbọ́ tí àwọn obìnrin àsàlátù náà ti pín sí méjì, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì rí nǹkan kan.

Láàárín ariwo yẹn ni Místà Ron sọ pé, "Mo wà níbẹ̀, Clive."

"Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Ojú rẹ ni kò dáa."

Wọ́n jẹun lórí tábìlì kan náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ọmọ Místà Clive dé láti Birmingham, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń bu ìrẹsì ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó ń pe òyìnbó kan ní afọ́jú. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó ń wò wọ́n. Kò mẹ́nu ba Birmingham mọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ká lọ wo kíríkẹ́ẹ̀tì ní Kennington nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló gbé wa débẹ̀. Àwọn eléré wọ funfun báláú bí ẹni tó ń lọ kí Yídì. Fún wákàtí kan gbáko, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá, oòrùn rọra ń ràn, ó sì dùn mọ́ mi. Mo wo ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn tó yí mi ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n nípa eré àtijọ́ kan, ẹni yẹn sì ń sọ fún wọn pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Fóònù mi dún. Ìyá mi ni. "Ṣé wọ́n ti parí?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, Màámi. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin."

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, Místà Clive tẹ̀ síwájú, ó ń tú búrẹ́dì ẹlẹ́ja rẹ̀. Místà Ron ń da tíì láti inú fìláàsì, ó di ojú mọ́ ife kó má baà dà. Lójijì, gbogbo pápá hó gèè. Àwọn èèyàn fò dìde níwájú wa. Nígbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa fi gbé ojú sókè, eléré kan wà nílẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, gbogbo ènìyàn sì ń na ìka.

A wo ara wa.

"Ó kan ilẹ̀," ni Místà Clive wí, ẹja wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kò kan ilẹ̀," ni Místà Ron wí.

Wọ́n jọ yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

Mo sọ fún ìyá mi kí wọ́n dúró ná. Mo jókòó dáadáa, mo tún híjáàbù mi ṣe, mo wo Místà Ron lójú kòró.

"Mo rí i kedere," ni mo wí. "Ó kan ilẹ̀."

"Irọ́ lò ń pa!" ni Místà Ron kígbe, inú rẹ̀ sì dùn débi pé gbogbo tíì náà dà sí mi lẹ́sẹ̀.